Oògùn wà nínú ọ̀rá, rọ́bà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní ilẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó di ọdún 19 báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a máa ń tì gba ihò imú aláìsàn títí yóò fi dé àpòlúkù, kí ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì lè rí oúnjẹ jẹ. Gbogbo wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ ló ní i. Ṣùgbọ́n kò sí wọ́ọ̀dù kan nínú wọn tí mo ti fojú kan ìwé tó sọ bí a ó ṣe fi rọ́bà yìí fún àgbàlagbà ní oògùn, bí wárápá bá gbé e tí kò fi í sílẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tó yẹ kò sì sí nílẹ̀.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá dárúkọ ẹyọ kan, àwọn tó kù á ní ọ̀rọ̀ kò kan àwọn.

Télọ̀ ni ọkùnrin náà, ẹni ọdún 41. Ó ti ń bá wárápá jìjàkadì láti kékeré, oògùn rẹ̀ sì ń bá a lára mu. Nígbà tí oògùn gbówó lórí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́: ó lò lónìí, kò lò lọ́la. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, bí ó ṣe fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó ṣubú. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò là, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, aago 9 alẹ́ ku ìṣẹ́jú 10.

A wo ṣúgà ara rẹ̀, kò lọ sílẹ̀. A fi ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ diazepam gba ojú iṣan, ó dáwọ́ dúró. Kò pé ìṣẹ́jú 15, ó tún dé. A fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ara rẹ̀ rọ̀, ó tún dé. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, oògùn ìpele kejì ló kàn, èyí tó máa ń pẹ́ lára. Kò sí abẹ́rẹ́ phenytoin, kò sí ti phenobarbital, kò sí ti levetiracetam. A kọ ọ́ sínú ìwé fún àbúrò rẹ̀ kí ó lọ wá a kiri ìgboro. Òjò ń rọ̀. Ilé oògùn mẹ́rin ló kan ilẹ̀kùn wọn. Aago 2 òru ku ogún ìṣẹ́jú ló padà dé, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, òtútù ń mú un. Levetiracetam ló rí rà, ṣùgbọ́n oníhóró ni.

Mo wo oògùn náà. Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù tí rọ́bà imú wà nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ọmọ dáadáa ni, kò tíì pé ọdún méjì tó gba ìwé ẹ̀rí. Ó ní, "Mà, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa gbà mí?" Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù títí, kò wọlé. Báyìí ni oògùn náà ṣe wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó aláìsàn wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí oògùn náà nìyẹn, kí ló dé tí ẹ ò lò ó?" N kò rí èsì fún un.

Aago 6 àbọ̀ ni ọ̀gá dókítà dé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí a gbé orí aláìsàn sókè, ó ti rọ́bà gba imú rẹ̀ wọlé, ó yẹ ẹ́ wò dáadáa, a lọ oògùn kúnná, a pò ó mọ́ omi, ó gba rọ́bà lọ. Nígbà tí aago 8 fi máa lù, ara ọkùnrin náà ti balẹ̀. Ọ̀gá dókítà sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tòun lòun ti kọ́ ọ, ó sì ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe é.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ìmọ̀ náà wà nílé ìwòsàn wa, àmọ́ orí ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ẹni náà sì sùn sílé lóru ọjọ́ yẹn, bó ṣe tọ́ kí ó sùn.

Télọ̀ náà kò kú. Ó wà nílé. Kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń rán an létí orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀. N kò lè búra pé bí a bá ti fún un ní oògùn kí aago 2 tó lù, ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí máa yàtọ̀. Ohun tí mo lè búra sí ni pé wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 lọ lásán, oògùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, àwọn ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí, kí n tó sọ ohun tí mo ń béèrè.

1. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà nínú àìsàn yìí. Lọ́dún 2015, àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn wárápá, International League Against Epilepsy, fi ìlà sílẹ̀: bí gìrì tó ń gbọn gbogbo ara bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, kí a má retí pé yóò dá fúnra rẹ̀, bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 30, ó lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá tí kò ní í lọ mọ́. Ìdí tí pípẹ́ fi burú ni pé àwọn ojú ibi tí diazepam ti ń di ọpọlọ mú kì í dúró sójú kan. Bí gìrì bá ṣe ń pẹ́ sí i, wọ́n ń rì wọnú, oògùn kò sì ní rí ibi dì mú. Abẹ́rẹ́ tí ì bá ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kẹwàá lè má ta pútú ní wákàtí kejì. Ibẹ̀ ni ìdílé ti máa ń sọ pé oògùn òyìnbó kò mọ ọwọ́ àìsàn yìí, tí wọ́n á gbé ènìyàn wọn kúrò nílé ìwòsàn lóru.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn díẹ̀ ni. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ní Igbó-Ọrà, tó jáde lọ́dún 1987, fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó lé ní márùn-ún tó ní wárápá. Kì í sì í ṣe ẹni tó ti ní wárápá tẹ́lẹ̀ nìkan ni gìrì tí kò dá máa ń mú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹni tí ibà tàbí àrùn yírùnyírùn ti gun orí, gbogbo wọn ló lè bá a pàdé. (Aboyún tí gìrì mú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ní oògùn tirẹ̀, magnesium sulphate, ọ̀rọ̀ tiwọn kò sí nínú lẹ́tà yìí.)

2. Abẹ́rẹ́ ni àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má mú lẹ́tà mi lò láti sọ pé rọ́bà lè dípò abẹ́rẹ́. Diazepam tàbí ẹbí rẹ̀, lorazepam, gba ojú iṣan ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dé ara. Bí iṣan kò bá ṣeé rí, ẹbí wọn mìíràn, midazolam, 10 mg nínú ẹran itan àgbàlagbà ń ṣiṣẹ́ dáadáa: nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe nínú áḿbúláǹsì ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012, gìrì ti dá kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn lára 73 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gba midazolam sínú ẹran ara, ó sì jẹ́ 63 lára àwọn tó gba lorazepam gba ojú iṣan.

Lórí ìpele kejì, ìdánwò ńlá mìíràn jáde ní 2019. Wọ́n fi levetiracetam, fosphenytoin àti valproate wéra gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó ta èkejì yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá gìrì dúró lára nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á. Ohun tí èmi rí nínú èsì yẹn ni pé a kò nílò kí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Ẹyọ kan tó. Ẹyọ kan náà ni a kò rí.

3. Nígbà tí ẹyọ kan náà kò bá sí, àpòlúkù ṣì wà. Levetiracetam oníhóró tí kì í ṣe oríṣi tó ń tú díẹ̀díẹ̀, tàbí èyí tó jẹ́ olómi, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán bí a bá gbé e mì, ó sì máa ń tó bí wákàtí kan kí ó tó pọ̀ dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bó bá gba rọ́bà kọjá. Phenobarbital, tí àwọn dókítà ti ń lò fún wárápá láti 1912, tó wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí owó rẹ̀ kò sì ju ohun tí mẹ̀kúnnù lè dá lọ, náà ń gba inú àpòlúkù wọ ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀ díẹ̀. Wákàtí kan pẹ́ lóòótọ́ fún ọpọlọ tó ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 tí oògùn télọ̀ fi wà lórí tábìlì lásán.

Ní Blantyre, ní Màláwì, àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú ọmọdé tí ibà ti gun orí wọn kojú ohun tí àwa náà ń kojú: kò sí abẹ́rẹ́ olówó ńlá, kò sí ẹ̀rọ tó ń bá ni mí. Wọ́n fi levetiracetam olómi gba rọ́bà imú fún àwọn ọmọ náà, wọ́n ṣọ́ wọn, wọ́n wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ó wọlé, kò sì pa wọ́n lára. Èsì yẹn jáde ní 2019. Ọmọdé ni wọ́n, mo mọ̀. Ẹ̀rí lórí àgbàlagbà kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni wa, bẹ̀rẹ̀ láti UCH ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí náà lára àgbàlagbà, kí ẹ̀yin náà sì fi owó sí i. A ti ń ṣe ìtọ́jú náà lábẹ́lẹ̀, dókítà kan níbí, dókítà kan lọ́hùn-ún, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀.

4. Ewu wà níbẹ̀, ewu náà sì ni ìdí tí mo fi ń béèrè ìwé. Ní Kilifi, ní Kẹ́ńyà, wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ibà gun orí wọn ní phenobarbital ní abẹ́rẹ́ inú ẹran ara kí gìrì má bàa mú wọn. Gìrì dín kù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka òkú, 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tó gbà á, nígbà tó jẹ́ 8 nínú àwọn tí kò gbà á. Ọdún 2000 ni èsì yẹn jáde. Èémí ni wọ́n fura sí, pàápàá lára àwọn ọmọ tí diazepam ti pọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ti gba diazepam lẹ́ẹ̀mejì tí a tún fẹ́ fún ní phenobarbital, ibi yòówù kí ó gbà, nọ́ọ̀sì ní láti jókòó tì í, kí ó máa ka èémí rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn wà ní ìka rẹ̀, kí ọ́síjìn gidi sì wà nínú sílíńdà, kì í ṣe sílíńdà òfìfo tí a kùn ní funfun.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Bó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, oògùn tí a fẹ́ fi gbani là yóò di omi tó ń rini. A kì í tì í bọ ẹni tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́. Àkókò tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá mú ara rọ̀ ni a máa ń lò, a ó sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. A kì í gba imú ẹni tí egungun ìsàlẹ̀ agbárí rẹ̀ lè ti fọ́. Kí a fi sírínjì fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, kí a sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà gbọ́ bó bá dún nínú ikùn, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi fúnra mi nígbà náà, kò tó mọ́. Ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Omi inú àpòlúkù ni kí a fà jáde, kí a fi bébà pH, èyí tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, wọ̀n ọ́n: bí ó bá jẹ́ 5.5 tàbí kó kéré sí i, rọ́bà wà níbi tó yẹ. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn ọgbẹ́ inú, nọ́ńbà náà lè ga sí i. Bí iyèméjì bá wà, kí a ya àwòrán àyà. Bébà yìí kò wọ́n. Ọdún 19 mi nínú iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí i lórí ṣẹ́ẹ̀fù wa.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ẹ̀yin ará ilé tó ń ka lẹ́tà yìí sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń sọ kò túmọ̀ sí pé kí ẹ da oògùn sí ẹnu ẹni tí wárápá gbé. Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu: omi o, àdín o, àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ o. Ẹ má fi ṣíbí là á léyín, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi nǹkan rọ̀gbọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Bó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni.

5. Kì í ṣe gbogbo hóró oògùn ni a lè lọ̀. Valproate tí wọ́n bò lára kí ó má bàa tú nínú àpòlúkù, àti oògùn èyíkéyìí tí wọ́n ṣe kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ọmọ odó pàdé. Bí a bá lọ̀ ọ́, a ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Carbamazepine olómi máa ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà bí a kò bá fi omi là á. Èyí tó sì máa ń bá wa fínra jù ní wọ́ọ̀dù ni phenytoin. Ẹ mọ bí a ṣe ń bọ́ aláìsàn nílẹ̀ wa: ìyá tàbí ìyàwó yóò gbé ògì wá láti ilé, tí wọ́n ti po wàrà, ẹ̀wà sóyà àti edé lílọ̀ mọ́ ọn, a ó sì máa fà á sínú rọ́bà ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Bí phenytoin bá bá oúnjẹ rọ́bà pàdé, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í wọ ẹ̀jẹ̀. A ní láti dá oúnjẹ dúró fún wákàtí kan sí méjì kí a tó fún un, kí a tún dá a dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì fi omi ṣan rọ́bà. Mo ti rí aláìsàn tí a ń fún ní phenytoin déédéé, ọjọ́ kẹrin gìrì tún dé, gbogbo wa ń wo ara wa lójú. Ògì ìyá rẹ̀ ló ń gba oògùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá náà kò ṣẹ̀. Àwa tí kò sí ẹni tó kọ́ wa la ṣẹ̀.

6. Òfin ti wà. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Mo bi yín: bí a bá gba aláìsàn wọlé, tí a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí a sì fi bébà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní aago 11 alẹ́ pé kí ó lọ wá oògùn, ṣé a ti tọ́jú rẹ̀?

7. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé. Ẹ pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn ọpọlọ, àwọn apoògùn àti àwa nọ́ọ̀sì jọ, kí wọ́n kọ ojú ìwé kan ṣoṣo: oògùn wo ni àkọ́kọ́, èwo ni ìkejì, ìgbà wo ni a lè gba ojú rọ́bà, ìwọ̀n oògùn fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí kò yẹ kí a gbà á. Èmi kọ́ ni n ó dá ìwọ̀n lé e, iṣẹ́ tiwọn ni. Kí ẹ̀yin fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ yín, kí dókítà ọmọ ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lè nawọ́ sí ògiri lóru pé ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Kí ẹ fi àpótí kan sí gbogbo ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì alẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ilé oògùn tó ti palẹ̀ mọ́ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Diazepam, midazolam, abẹ́rẹ́ ìpele kejì kan ó kéré tán, levetiracetam àti phenobarbital oníhóró, rọ́bà imú, bébà pH, odó kékeré àti ọmọ rẹ̀. Kí ẹ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Kí nọ́ńbà fóònù ọ̀gá dókítà kan wà fún gbogbo alẹ́ ọ̀sẹ̀, ẹni tí a ń sanwó fún láti gbé e. Kí ẹ sì rí sí i pé ẹni tó bá ń ti ilé ìwòsàn lọ sílé lẹ́yìn irú gìrì yìí mú oògùn oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ nípasẹ̀ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín, nítorí ọjọ́ tí télọ̀ wa fò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, n kò ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ yan ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà kan ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ rán ẹnì kan lọ síbẹ̀ ní aago 2 òru, láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí ó béèrè pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìpele kejì han òun, kí wọ́n fi bébà pH han òun, kí wọ́n fi ìwé tó wà lára ògiri han òun. Ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ jáde fún aráàlú kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọkùnrin kan